Abẹ́rẹ́, Ọmọbìnrin Tó Pọn Ìyá Aránṣọ

Yàrá tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ káfíńtà ni wọ́n ti bí àbúrò wa ní ọdún 1947, nínú òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Bàbá wa ni káfíńtà náà. Ìyá wa sì ni alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ fún àwọn ará àdúgbò. Ọmọ karùn-ún ni, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí agbẹ̀bí fi ń gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Bàbá wa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó sókè sódò, ó ní, "Abẹ́rẹ́ kékeré, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é títí dòní nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ tí ẹ wá bá wa dárò, àwa ẹbí kí yín. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Èmi ẹ̀gbọ́n olóògbé ni wọ́n ní kí n sọ ìtàn yìí, nítorí èmi nìkan ló kù nínú àwa tó mọ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ẹ máa pè é ní "wọ́n," ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹni tí mo wẹ̀ fún ní kékeré, "ó" ni èmi yóò máa pè é.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì jáde ní 1960. Kó tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, a óò ti bá ìyá wa kó aṣọ tútù wálé láti ibi omi. Orí ni èmi ń gbé tèmi sí. Òun a di tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, yóò tẹ̀ ba bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ọrùn rẹ wà fún?" Yóò dáhùn pé, "Orin ni ọrùn tèmi wà fún." Òótọ́ ni, nítorí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ọdún 1960 tó jáde ilé ìwé yẹn náà ni míṣọ́nnárì kan wá sọ̀rọ̀ nínú ìjọ wa, ẹni tó ti gbé ilẹ̀ òkèèrè. Àwa tó kù ń wo bàtà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń wo ẹnu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju pé kí wọ́n rán òun náà. Ọkọ wá, ó ní kó dúró. Iṣẹ́ wá, ó ní kó dúró. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ní 1970, wọ́n pè é. Ọdún méjì ni wọ́n fún un. Bàbá wa ní, "Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ àdúgbò wa ti tán ni?" Ìyá wa lọ ra bàtà aláwọ kan fún un, ó sì ní kí wọ́n bá òun kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ìlú tí wọ́n rán an lọ jìnnà, a kò sì gbọ́ èdè wọn. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń rán wọn, kí ẹnì kan má dá rìn. Ọmọbìnrin gíga kan ni ẹnìkejì rẹ̀, Òpó la sì ń pè é. Òpó ló sọ ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ óò gbọ́ yìí fún wa, nítorí Abẹ́rẹ́ kì í ròyìn ara rẹ̀.

Yàrá kan ni àwọn méjèèjì ń gbé nísàlẹ̀ ilé kan, bẹ́ẹ̀dì onírin méjì, fèrèsé kan, àti sítóòfù tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ń jó nínú méjì. Bí wọ́n bá jí, wọn óò gbàdúrà, wọn óò gbé omi kaná, wọn óò sì kọ́ èdè. Abẹ́rẹ́ a kọ orúkọ nǹkan sórí bébà, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan ọ̀hún: ilẹ̀kùn, ṣíbí, ìrọ̀rí. Òpó ní ó tiẹ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ òun níwájú orí lọ́jọ́ kan, òun sì gbé e dé ọjà. Aṣọ méjì-méjì ni wọ́n ní. Tí wọ́n bá wọ ọ̀kan, èkejì wà lórí okùn. Lẹ́yìn náà, wọn óò jáde lọ máa kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn.

Ẹ̀yin ará, ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni kí èèyàn máa kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn a ṣí gbàgà kan, ojú kan a yọ, ilẹ̀kùn a tún padé. Àwọn mìíràn a yí rédíò sókè. Alápatà kan wà ní àjà kejì ilé gíga kan, tí kì í jẹ́ kí wọ́n kí òun tán. Yóò ní, "Ẹ̀yin tún dé! Kò sẹ́ni tó kú níbí o!" Ajá kan wà ládùúgbò náà tó máa ń tẹ̀ lé wọn láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí alábòójútó wọn, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bá wá bi wọ́n pé, "Ta ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà?" Abẹ́rẹ́ a ní, "Ajá kan, sà. Ó ń wá déédéé." Oṣù ń gorí oṣù. Awọ bàtà ìyá wa lu, ó fi páálí tẹ́ inú rẹ̀, kò sì sinmi.

Nínú ilé gíga alápatà yẹn, lífíìtì ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Ní àjà karùn-ún, wọ́n kan ilẹ̀kùn kan, ohùn kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ẹ tì í wọlé! Ẹni tí kò lè sá kì í ti ilẹ̀kùn." Ìyá Aránṣọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tóbi, ó sì ń tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ṣe. Ó ní, "Bí ọjà lẹ gbé wá, n ò lówó. Bí ìwàásù ni, n ò lẹ́sẹ̀." Abẹ́rẹ́ béèrè ìgbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ yàrá náà, Òpó pọn omi. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní ilé kan tí wọ́n lè wọ̀.

Ọdún méje ni Ìyá Aránṣọ kò ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló ní láyé, ó ń gbé ní ìkángun ìlú kejì, àìsàn sì ti dá òun náà dùbúlẹ̀. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan tó ń gba ọ̀nà méjèèjì ló ń bá wọn gbé ìkíni lọ gbé ìkíni bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, dírẹ́bà gun òkè wá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó ní, "Màmá, àbúrò yín ní bí ẹ bá máa wá, kẹ́ ẹ tètè máa bọ̀."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́, ó ní, "Ọlọ́run tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé ó máa ń gun àtẹ̀gùn?"

Abẹ́rẹ́ ní, "Ó máa ń gùn ún, mà. Ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ alábòójútó. Ó kọ̀. Ó ní, "A kò rán yín wá ṣe alárù. Bí ìyá yẹn bá ṣubú lọ́wọ́ yín, wọn óò lé gbogbo wa kúrò nílùú yìí." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, ó jáde, ó sì lọ ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó kúnlẹ̀ níwájú àga Ìyá Aránṣọ, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Òpó gbé ìyá náà lé e, ó fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì dì í gírígírí. Òpó ní nígbà tí Abẹ́rẹ́ máa dìde, òun di ojú òun. Nígbà tí òun là á, ó ti dìde.

Ìyá Aránṣọ ní, "Má jù mí nù o, ìwọ eegun ẹja yìí!"

"Ẹ má fún mi lọ́rùn, mà. Ibẹ̀ ni èémí mi ń gbà."

Òpó ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n fara ti ògiri. Ní àjà kẹrin, ilẹ̀kùn kan ṣí, kò sì padé mọ́. Òmíràn ṣí. Àwọn tó ti ń yí rédíò sókè láti ọjọ́ yìí, wọ́n pa rédíò. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ tó ń gbé àgbàlagbà obìnrin bọ̀ láti òkè, òógùn ń kán lára rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n dé àjà kejì, Abẹ́rẹ́ dúró, kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Alápatà jáde. Ó wò wọ́n, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó bọ́ sí abẹ́ wọn, ó sì fi èjìká ti Abẹ́rẹ́ láyà títí wọ́n fi dé ilẹ̀. Kò sọ pé kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí oòrùn kan Ìyá Aránṣọ lójú, ó na ọwọ́, ó fi kan ògiri ìta. Ó ní, "Wọ́n ti kun ilé yìí!" Ọdún méje. Ilé tó ń gbé, kò mọ àwọ̀ rẹ̀.

Dírẹ́bà yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú bọ́ọ̀sì, èrò kankan kò sì kùn. Wọ́n bá àbúrò Ìyá Aránṣọ láyè. Ó la ojú, ó ní, "O pẹ́."

"Àtẹ̀gùn ni."

"O sì sanra."

"Tìrẹ ni mo gbà kún un. Wo bó o ṣe rù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Òpó ní àwọn fi ẹ̀sọ̀ jáde síta, nítorí ó jọ pé Ẹnì kan ti wọ yàrá náà tó gba gbogbo àyè.

Alábòójútó gbọ́. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé òun ṣe àìgbọràn. Kò bẹ̀bẹ̀ pé òun pọn ìyá. Ọkùnrin náà gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bí o bá tún ṣe é, ilé ni o ń lọ, o kò sì ní padà wá."

Kò pẹ́ tí àbúrò Ìyá Aránṣọ fi kú. Nígbà tí ìròyìn dé, Ìyá Aránṣọ kò béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ. Ó mọ ohun tí yóò ná ọmọbìnrin náà. Ó kàn ní, "Ẹ bá mi bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí i." Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá wọn. Ó ká aṣọ rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sínú àpótí, ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà.

Òpó ní, "Kí lò ń dì?"

"Ẹrù mi ni. Tí mo bá dé, á ti rẹ̀ mí jù láti dì í."

Ó bọ́jú, ó mú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ó gun òkè lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, gbogbo ilé ló tò sórí àtẹ̀gùn láti gba ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ sí ojú oórì àbúrò rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó fi sílẹ̀ nígbà tó ku oṣù mẹ́wàá. Alábòójútó fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Òpó ní ojú ọkùnrin náà pọ́n.

Ọdún 1971 ló dé. Ẹnu kun ìjọ wa. Wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Wọ́n dá a padà ni o. Abẹ́rẹ́ ti tẹ̀." Ìyá wa pè é sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ṣé o jalè ni?" Ó ní rárá. "Ṣé o lóyún ni?" Ó ní rárá, mà. "Ó dáa. Wá jẹun." Ó tán nìyẹn. Alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ kan fẹ́ ẹ ní 1974, kò sì bi í léèrè rí. Ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ni Òpó wá láti ọ̀nà jíjìn, tó dìde láàárín èrò, tó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá wa tó ń pín omi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Abẹ́rẹ́ ní, "Òpó, oúnjẹ ń tutù fún ẹ. Jókòó."

Búrẹ́dì ló ń ṣe fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin aládùúrà, òun ló sì dúró ti àwọn ará àdúgbò títí ẹ̀rọ omi fi dé òpópónà wa. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní kó wá sọ ìtàn iṣẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ, yóò ní, "Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín ná."

Ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, káfíńtà, àti àbíkẹ́yìn tó ń ṣe búrẹ́dì. Ó fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì sílẹ̀, pẹ̀lú èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Òpó, tó ti di ẹbí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo jókòó tì í. Mo ní, "Abẹ́rẹ́, oṣù mẹ́wàá yẹn, ṣé kì í dùn ọ́ pé o kò parí iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín pé n ò parí ẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, n kò tíì rò ó dé ìdí.

Sùn, ọmọ káfíńtà. Sùn, ọmọ alágbàfọ̀. Bí o bá dé ọ̀hún, jókòó níbi tí wọ́n bá tẹ́ ẹní sí fún ọ, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kí ọ dáadáa. Àwa tó kù ń bọ̀ ní wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́. Sùn un re o, àbúrò mi.