Ọmọ Dáadáa Tó Ń Pọnmi fún Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1959
Tíṣà Afọlábí tún yàn mí lónìí. Bí agogo ìṣirò bá ti lù báyìí, á ní, "Ọmọ́yẹni, Àníkẹ́, ẹ̀yin ọmọ dáadáa." A ti mọ̀. Garawa lórí, ó di odò. A ó pọnmi kún àgbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, a ó gúnyán sílẹ̀ dè é. Ká tó padà dé, ó ti ń nu pátákó. Àwọn tí kò yàn ń jowú wa — kí wọ́n máa jowú lọ.

Ọjọ́rú, 16
Iyán òní kò ní kókó kankan. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Mísì tuntun dé láti Ìlógbò, tí yóò máa bá Tíṣà kọ́ wa. Mísì Àìná. Mo ti sọ ọ́ ní Mísì Kì-í-rẹ́rìn-ín. Ó fún kíláàsì Kẹfà wa ní ìṣirò mẹ́wàá. Dúrójayé, tí kò mọ imú ara rẹ̀ nù, gba mẹ́sàn-án. Èmi, méjì. Mísì bi mí pé níbo ni mo wà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìdá. Mo ní mò ń gúnyán, Mà. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé Mọ́dà l'Óyè kò ju oṣù kan lọ mọ́. Bàámi sì ti wí tirẹ̀: bí mi ò bá yege, Ìbàdàn ni o, lọ́dọ̀ Àǹtí Láyí, kí n máa bá a pọnmọ. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí jù.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Mo sọ fún Yèyé mi lẹ́yìn ìsìn pé àsìkò ìṣirò ni Tíṣà ń rán wa. Ó ti rò pé ìgbà tí ilé-ìwé bá parí la máa ń gúnyán. Ó gbé ẹ̀gúsí tó ń bó sílẹ̀.
"Ùwé ni mo ní o lọ kọ́, uṣẹ́ ulé kọ́. Àgbá tèmi gan-an ò tíì kún."
Ṣùgbọ́n kò ní bá Tíṣà jà. Ó ní ẹnu mi ni kí n fi sọ ọ́. Ẹnu mi wo?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Agogo ìṣirò lù. Tíṣà pè wá. Mi ò jáde. Àníkẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ó máa wá pọn ọ́n kí agogo àárọ̀ tó lù. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ìṣirò."
Pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní ọmọ dáadáa kì í sá fún iṣẹ́. Mi ò dìde. Ó wá kọjú sí pátákó, ó ní kí a jókòó.
Ara tù mí, ó tù mí wọra.

Ọjọ́bọ̀, 1 Òkítóbà
Gbogbo kíláàsì ló ń pọnmi láàárọ̀ báyìí, tọkùnrin tobìnrin — ọgbọ́n Mísì ni. Dúrójayé da ìdajì sára. Ìdá ti ń yé mi. Mísì rẹ́rìn-ín lónìí, mo ní láti wá orúkọ mìíràn fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Ìdánwò. Ìbéèrè kan ní garawa mélòó ni yóò kún àgbá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Nòfẹ́ńbà
Mo yege! Ẹnì kẹrin. Àníkẹ́ náà wọlé. Tíṣà ní òun kúkú ti wí pé ọmọ dáadáa ni wá. Bàámi ní kí n kọ̀wé sí Àǹtí Láyí pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò bá a pọnmọ. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì rọra kọ ọ́ kó lè dára.

Ọjọ́ Ajé, 30
Kíláàsì Kẹfà ti parí ẹ̀kọ́. Mo pàdé àbúrò mi Tinúọlá lọ́nà odò lásìkò ìṣirò tiwọn, garawa lórí, ẹ̀rín lẹ́nu. Tíṣà kíláàsì Kẹrin ló rán an. Ó ní, "Àǹtí mi, èmi náà ti di ọmọ dáadáa."
Mo sọ garawa kalẹ̀ lórí rẹ̀, mo da omi náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọn. Mo dúró sábẹ́ fèrèsé títí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín tiwọn, wọ́n ń ka ìlọ́po méje.