Ẹsẹ̀ Mọ́tò Tí O Ní Kí Ìyá Àgbà Dúró Dè

Abúlé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀,
Lọ́nà Ṣakí.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Ásárì.

Abdul-Rahim Àtàndá, ọmọ mi,

Salamu alaekun. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ, àti ti iṣẹ́ rẹ ní báńkì, àti ti ilé tí o gbà sí Alajo ní Accra, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Mo ti béèrè báyìí. Kí Ọlọ́run má fi àìsàn ṣe ọ́, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí o rí ìjàǹbá ọ̀nà, kí o bímọ tí yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, kí o lè mọ bí ó ṣe máa ń rí lára. Nǹkan ilé náà kò burú. Òjò rọ̀, iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì. Inú ń bí mi.

Inú ti ń bí mi láti Sátidé tí Rasheedah àbúrò rẹ gbé fóònù rẹ̀ sí mi létí, tí mo sì fi etí ara mi gbọ́ ohùn rẹ tí o ń sọ pé kí n bá ọ bẹ Ìyá Àgbà kí wọ́n ṣì ní sùúrù, pé o kò ní lè wá gbé wọn lọ sí Accra lóṣù tó ń bọ̀ mọ́ torí pé ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ, ṣọ́kù àti sípíríǹgì abẹ́ rẹ̀, kò tíì pé. Mo ní kí Rasheedah tún un gbé sí mi létí, bóyá n kò gbọ́ dáadáa ni. Nǹkan kan náà ni o tún sọ, o ò tilẹ̀ yí ohùn padà. Mo dá ọ lóhùn, mo ní kí o dúró kí n bá ọ sọ̀rọ̀, o kò dúró, o ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ bí ẹni tí kò ní bàbá. Rasheedah ní ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ láti àárọ̀ ni, pé kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Mi ò gba àwáwí yẹn. Bí bàbá bá ń sọ̀rọ̀, kí ohùn ọmọ dákẹ́, ìbáà jẹ́ ohùn àárọ̀, ìbáà jẹ́ ohùn àná.

Ṣé o ti gbàgbé ẹni tí à ń pè ní Ìyá Àgbà ni? Habiba ni, ìyá tó bí mi, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọdún tí ìjọba Gánà lé àwọn ará wa, oyún mi ni wọ́n gbé gun lọ́rì. Bàbá mi, Àtàndá tó ń ta abọ́ ní ọjà Okaishie ní Accra, tí a fi oríkì wọn pè ọ́, kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin wọ́n nígbà náà. Èmi kò fojú kàn wọ́n rí. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ nígbà Iléyá pé bàbá arúgbó kan ní mọ́ṣáláṣí ti mú ọ débi sàréè wọn, pé òkúta tí wọ́n fi sàmì sí i ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ lo sọ fún Ìyá Àgbà pé ìwọ fúnra rẹ yóò wá fi mọ́tò gbé wọn, kí wọ́n lè dúró ti ọkọ wọn kí wọ́n ṣe àdúrà. Ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú ọ sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ẹrù. Èlùbọ́ wà nínú ẹrù náà tí wọ́n fẹ́ gbé fún ọ̀rẹ́ wọn kan tó máa ń yan ẹja ní Jamestown, bí ó bá ṣì wà láyé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kí àwọn ewúrẹ́ wa ní èdè Twi, wọ́n á ní maakye, kí ẹnu wọn má baà gbàgbé, àwọn ewúrẹ́ náà sì ti ń dáhùn. Ẹni tó ti ṣe tán báyìí ni o ní kí wọ́n dúró de ẹsẹ̀ mọ́tò.

Nígbà tí o ní o ra mọ́tò, mo dúpẹ́, mo pa adìẹ. O kò sọ fún mi pé irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje ni, onílẹ̀kùn méjì, tí ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Tòkúnbọ̀ ni, ìyẹn kò burú, gbogbo wa la ń lo tòkúnbọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ti sún mọ́ ilẹ̀ tó báyẹn, o tún ń wá owó tí wàá fi sọ ọ́ di kúkúrú sí i. Mo rí fídíò tí o ṣe. Níbi tí o ti fẹ́ kọjá lórí gegele kan ní Alajo, ikùn rẹ̀ ha ilẹ̀ gbàràrà, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Mọ́tò ń fi àyà wọ́, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ní mọ́tò níhìn-ín, bí wọ́n bá rí owó, wọ́n á fi gbé e sókè ni nítorí ọ̀nà wa. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ń sanwó kí tirẹ̀ lè kúrú. O ní bí ó bá kúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le, kò ní máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí o bá ń fi eré gba kọ́nà. Kọ́nà wo? Kí ló ń lé ọ bọ̀? Báńkì ni o ń lọ, wọn kì í gbé báńkì sá.

Èyí tó tún bí mi nínú ni ti ìbò. Rasheedah fi hàn mí pé o gbé ọ̀rọ̀ náà síta lórí fóònù kí gbogbo ayé bá ọ yan èyí tí o máa rà, nítorí owó rẹ kò pọ̀: ṣé kí o ra sípíríǹgì kúkúrú nìkan kí o fi ṣọ́kù àtijọ́ sílẹ̀, àbí kí o ra odindi ẹsẹ̀ olówó ńlá tí wọ́n lè fi ọwọ́ yí kí mọ́tò ga tàbí kó kúrú, àbí kí o ra tuntun irú èyí tó bá mọ́tò wá láti ilé. Sípíríǹgì kúkúrú ló wọlé. Mo béèrè ẹni tó ka ìbò náà, àti ẹni tó ṣojú ìdílé wa níbẹ̀, Rasheedah ní fóònù ló kà á fúnra rẹ̀. Mo wá pe gbogbo agbo ilé jọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo ṣàlàyé fún wọn, mo ní kí wọ́n nawọ́. Gbogbo wọn ló ní kí o fi mọ́tò sílẹ̀ bí ẹni tó ṣe é ṣe ṣe é, àfi Àmúdà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, tó ní kí n tún bá òun ṣàlàyé. Mo ní kí Rasheedah fi ìbò wa kún un. Ó ní fóònù kan, ìbò kan. A ti ń dìbò lábúlé yìí kí wọ́n tó bí i, èèyàn ni wọ́n ń kà, n kò rí ibi tí wọ́n ti ń ka fóònù rí. Àwọn tí kò mọ ìyá mi láti ibì kankan ló jókòó sí Accra tí wọ́n dìbò lé wọn lórí. N kò fara mọ́ èsì náà.

O tún ní o ti kó sípíríǹgì náà sínú kẹ̀kẹ́ ọjà lórí fóònù, pé o ń dúró kí owó oṣù dé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí o ti sọ ìyẹn. Ta ló ń ti kẹ̀kẹ́ yìí kiri fún ọ látìgbà yẹn? Bí o kò bá rà á, sọ fún un kí ó sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó máa lọ sílé rẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá Ikrimah mẹkáníìkì ní Ṣakí kí ó lè bá mi dá ọ lẹ́bi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Rasheedah, ó wo fídíò náà, ó tún un wò, ó ní mọ́tò yìí mà rẹwà o. N kò bá ìyẹn wá. Iṣẹ́ tó rán mi ni pé bí apá rẹ kò bá ká olówó ńlá, kí o má ṣe gbé sípíríǹgì kúkúrú lé ṣọ́kù tó ti rẹ̀, pé ṣọ́kù náà yóò kú láìpẹ́, mọ́tò á sì máa fò kiri lójú títì. Ó ní kí o ní sùúrù títí wàá fi lè ra ṣọ́kù àti sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún ara wọn, kí o sì pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó ti gbó lábẹ́ rẹ̀ nígbà kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o jẹ́ kí òun fi ayùn gé sípíríǹgì àtijọ́ kí owó má baà pọ̀, kí o sá fún un. Mo ti jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí Ikrimah, torí sùúrù ni òun náà ń sọ. Sùúrù ni gbogbo yín ń sọ, kò sí ẹni tó wo ọjọ́ orí ìyá mi nínú yín.

Mo wá rò ó pé bí o bá tilẹ̀ dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ líle yẹn, ṣé eegun arúgbó lè gbà á, láti ibí dé Kútọnu, dé Lomé, dé Aflao, kí ó tó kan Accra. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìdán nǹkan wò. Mo fọ bárò tí a fi ń kó iyanrìn, mo gbé Ìyá Àgbà jókòó sínú rẹ̀, mo sì tì wọ́n gba ọ̀nà odò níbi tí kòtò pọ̀ sí, Rasheedah gbé agbòòrùn tẹ̀lé wa. Bárò kò ní sípíríǹgì kankan, nítorí náà òun ló jọ mọ́tò rẹ jù ní agbègbè wa. A kọ́kọ́ lọ láìtẹ́ nǹkan kan, eyín wọn ń lu ara wọn. Mo wá tẹ́ fóòmù tí mo gé lára ibùsùn mi, a tún un lọ, eyín dákẹ́. Ṣé o rí i báyìí pé fóòmù ti ṣe iṣẹ́ tí o fẹ́ fi owó oṣù rẹ ra. Àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń ti bárò mi lọ. Ìyá mi ní kí n sáré díẹ̀ sí i.

Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti sọ fún wọn pé o ní kí wọ́n dúró. N kò tíì lè sọ ọ́ láti Sátidé, ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé wọn yóò bú ọ, mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú ọ dáadáa kí n lè kọ ọ́ síbí. Wọn kò bú ọ. Wọ́n wá bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ mọ́tò. Mo ní ohun tí kì í jẹ́ kí kòtò ọ̀nà dé ara èèyàn ni. Wọ́n ní lọ́rì tó gbé àwọn kúrò ní Accra kò ní in. Wọ́n ní orí pákó ni àwọn jókòó lé, láàárín ẹrù, èmi nínú ikùn, àwọn kan lẹ́bàá ọ̀nà ń fi orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún pariwo pé Alata, ẹ máa lọ sílé yín, lọ́rì sì ń sọ àwọn sókè sódò títí dé ilé, ṣùgbọ́n ara kọ́ ló dun àwọn. Àwọn bẹ onílọ́rì pé kí ó dúró kí àwọn yà síbi sàréè, kí àwọn sọ fún Àtàndá pé àwọn ń lọ. Ó ní òun kò lè dúró de ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ kí ó wá mọ́tò mìíràn. Wọn kò sọ̀ kalẹ̀, nítorí oyún. Wọ́n ní títí di òní, Àtàndá kò mọ ibi tí àwọn gbà.

Abdul-Rahim, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn lọ́rì yẹn, n kò gbọ́ ibẹ̀ yẹn rí. Mo gbé bárò dúró. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọkọ àwọn ní Accra, ìwọ ni wọ́n ń wí, pé kí ó máa bọ̀ bí mọ́tò rẹ̀ ṣe wà, pé àwọn kò ní dúró de ẹsẹ̀ kankan.

Nítorí náà, wá lóṣù tó ń bọ̀ bí o ṣe sọ. Bí mọ́tò náà bá ń fi àyà wọ́, kí ó máa wọ́ bọ̀. Tí ẹ bá dé ibi gegele, kí ìwọ sọ̀ kalẹ̀ kí ó lè fúyẹ́, kí Ìyá Àgbà jókòó síbi tí wọ́n wà. Nígbà tí ẹ bá ti ibi sàréè bọ̀, o lè lọ gé mọ́tò rẹ kúrú títí tí yóò fi wọlẹ̀, n kò ní bá ọ wí. Fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra fóòmù gidi, nítorí mo ti gé tèmi, orí pákó ni mo ń sùn. Fi ti ìwé ìrìnnà wọn kún un, àti ti adìẹ tí mo pa nígbà tí n kò tíì mọ irú mọ́tò tí o rà. Rasheedah ní òun yóò fi fóònù ya fọ́tò lẹ́tà yìí, pé wàá ti rí i kí n tó fi ìdérí dé bíìrò mi. N kò gbà á gbọ́, mo tún fi bébà gan-an rán awakọ̀ tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Accra. Bí méjèèjì bá dé, ka méjèèjì, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni inú bí mi.

Kí Ọlọ́run gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wa láìfarapa, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì débi tí ẹ ń lọ. Má pẹ́. Ìyá Àgbà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú bárò láti ìgbà tí a ti dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá jẹun nínú ilé, wọ́n ní kí n gbé e wá bá àwọn níbẹ̀, pé àwọn kò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi bí ìwọ bá dé. Ẹrù wọn wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mutala.