Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Òbí La Calera Padà Sẹ́yìn Wáyà

Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Ọmọdé La Calera,
Ojúlé 214, Òpópónà Ceibo,
Durazno.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023.

Alága Ìgbìmọ̀,
Líìgì Bọ́ọ̀lù Ọmọdé Etí Odò Yí,
Durazno.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌYÀ TÍ Ẹ FI JẸ ÀWỌN ỌMỌ ỌLỌ́DÚN MẸ́SÀN-ÁN TI ẸGBẸ́ LA CALERA

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ní bọ́ọ̀lù. Mi ò kọ̀wé láti jiyàn pé a ò jẹ̀bi. A jẹ̀bi. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Ní Sátidé kẹrìndínlógún oṣù Kẹsàn-án, a gba ẹgbẹ́ Peñascal lálejò. Rẹfirí ọjọ́ náà ni Yamila Otegui, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fèrè. Ó fún Peñascal ní pẹnáríítì. Ọ̀gbẹ́ni Nelson Urruty, bàbá Facundo tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa, bú u títí, ó sì ju fúláàsì omi gbígbóná tó fi ń po tíì máte rẹ̀ sínú pápá. Kò ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n omi náà ta sí bàtà ọmọbìnrin náà. Ó gbé fèrè rẹ̀ lé orí bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó jáde, kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́.

Ìgbìmọ̀ yín pàṣẹ pé òbí La Calera kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ wáyà pápá títí sáà yóò fi parí, àti pé bí àgbàlagbà wa kan bá tún dá wàhálà sílẹ̀, ẹ ó yọ àwọn ọmọ náà kúrò nínú líìgì. Apá àkọ́kọ́ tọ́ sí wa. Apá kejì ni kò yé mi: àgbàlagbà ni yóò ṣẹ̀, ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

A ti gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta láìsí èèyàn lẹ́yìn wáyà. Nígbà àkọ́kọ́, pápá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a ń gbọ́ ajá tó ń gbó lódìkejì odò. Ohùn kan ṣoṣo ló kù: “Facundo, padà! Luana, kì í ṣe ibẹ̀! Ẹsẹ̀ òsì! Òsì ni mo ní!” Èmi ni. Nígbà tí eré dé ìdajì, Luana Pintos, tó ń gba àárín fún wa, dúró síwájú mi tòun ti ọsàn lẹ́nu, ó ní: “Kóòṣì, wọ́n lé bàbá Facundo torí ariwo. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni yóò lé yín?” Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Ní abala kejì, mo jókòó sórí àpótí ìgò omi, mo pa ẹnu mọ́. Ó le ju kí n sáré lọ. Ẹgbẹ́ kejì jẹ góòlù mẹ́ta, àwa jẹ ẹyọ kan. Síbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹta, mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: “Fi í sílẹ̀, tèmi ni!” “Ẹ̀yìn rẹ, ẹ̀yìn rẹ!” Luana ló ń darí wọn. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àyè wo ni mo fún un tẹ́lẹ̀?

Mo pe àwọn òbí jọ, mo sì sọ ohun tí ọmọ náà wí. Mo rò pé wọn yóò gbè mí. Ọ̀gbẹ́ni Urruty, tó ti ń wolẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbójú sókè: “Heber, ibo lo rò pé a ti kọ́ ariwo pípa? Ẹ̀gbẹ́ rẹ la máa ń dúró sí.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá mo yẹ lẹ́ni tí à ń fa ọmọ lé lọ́wọ́, mi ò sì tíì rí ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n a kò tú ká lọ́wọ́ òfo. A fẹnu kò pé bí a bá padà sẹ́yìn wáyà, òbí kọ̀ọ̀kan yóò yan ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ kejì, orúkọ ọmọ náà nìkan ni yóò máa pè, ìyìn nìkan ni yóò sì fi pè é. Ìyá àgbà Luana, Arábìnrin Mirtha, fọwọ́ bo ẹnu: “Èmi? Kí n máa yin ọmọ Peñascal? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ná!”

A dán an wò nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kan ní abúlé Las Cañas, tí kì í ṣe ti líìgì. Ọmọ wọn kan, Bautista, fi bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Facundo kọjá, ó sì jẹ góòlù. Òun ni Ọ̀gbẹ́ni Urruty yàn. Ọkùnrin náà lọgun: “O káre, Bautista! Ọmọ akin!” Facundo yíjú padà: “Bàbá, èwo nínú wa lẹ bí?” Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, títí kan bàbá náà. Bọ́ọ̀lù ń yí lọ, kò sẹ́ni tó lé e.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gba àwọn òbí wa láàyè lẹ́yìn wáyà ní Sátidé kejìdínlógún oṣù yìí, nígbà tí a ó bá Peñascal kan náà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn sáà. Alága wọn ti gbà pé àwọn òbí tiwọn náà yóò yin àwọn ọmọ wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì bú èèyàn, ẹ má fọwọ́ kan àwọn ọmọ. Ìwé àṣẹ ìkọ́ni mi ni kí ẹ gbà. Mo ti fi í sínú àpòòwé yìí, kí ó lè wà lọ́wọ́ yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ti Yamila. Lánàá, ọjọ́ Àìkú, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Urruty lọ tọrọ àforíjì nílé wọn. Ìyá rẹ̀ kò fún wa ní àga, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Yamila gbọ́ wa tán. Mo ní bí àyà bá ń já a, a lè bẹ̀ yín kí pápá ṣófo, kí ó fún fèrè láìsí àgbàlagbà lẹ́yìn wáyà. Ó ní rárá. Ó ní: “Mi ò ní fún fèrè fún pápá òfìfo. Iwájú wọn ni mo ti kúrò, iwájú wọn ni mo máa padà sí.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yàn án fún ọjọ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí a wà níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Heber Larrosa,
Akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án,
Ẹgbẹ́ La Calera.