Ẹ Bá Mi Sọ fún Màámi Pé N Kò Di Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àìfojúkojú o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màámi ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ti ń dá wẹ̀. Ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi nìkan ló rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò fi mí jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní ìwádìí kẹ́míkà tí mo tẹ̀ jáde pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ tiwọn kò tó nǹkan. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní yunifásítì ti kọ́kọ́ pè mí: "Ìwọ ṣáà máa dárúkọ iṣẹ́ wa nínú tìrẹ, àwa náà á máa dárúkọ tìrẹ." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ yín ò kan tèmi." Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó gbà fún un ti di ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí.

N kò kábàámọ̀, ó kàn rẹ̀ mí ni. Àdúgbò ti ń pe Màámi ní "Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n", wọ́n sì ń dáhùn. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, síbẹ̀ ẹnu mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n. Ẹ ní mi ò ṣe ohun ìtìjú.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín sú yín.

Èmi àbúrò yín, tó ṣì ń ṣe ìwádìí kẹ́míkà.