Òkúta Tó Ṣẹ́kù Níbi Ibojì Bàbá

                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Ẹ́sítéètì Ìjàpọ̀,
                                        Àkúrẹ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Monílọ́lá,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ tuntun. Báwo ni ọyẹ́ Ìlọrin ṣe ń bá yín ṣe? Ṣé orúnkún yín ti dẹwọ́? Tolúwalọpẹ́ ńkọ́, ṣé ọmọ ń mu ọmú dáadáa, ṣé ó sì ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí oorun sùn? Àwa níbí ń mí, a dúpẹ́. Ọkọ̀ mi ti wà lójú kan láti oṣù kẹjọ nítorí owó epo. Ọkọ̀ èrò ni mo ń wọ̀ lọ sí Oǹdó. Iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì, n kì í béèrè mọ́, kí n má baà bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.

Ẹ ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Jímọ̀, awakọ̀ tó ń ná Ìlọrin, ni mo fi rán. Ìbéèrè yín kò ju ọ̀kan lọ: ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún, tí ẹbí bá pàdé ní Oǹdó, ṣé kí ẹ fọwọ́ sí ìwé tí yóò gbé oko kòkó Bàbá fún ilé-iṣẹ́ awakùsà, kí wọ́n fún wa ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn dípò ilẹ̀? Bùrọ̀dá Akíntóyè ti fọwọ́ sí i ní orúkọ ìdí-igi ìyá tiwọn. Ọwọ́ yín nìkan ló kù. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, olùkọ́ kì í gba ìdáhùn tí kò rí ìṣirò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n to ìṣirò náà.

Bí ilé-iṣẹ́ awakùsà bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò fojú kan ilẹ̀ náà rí, kò tó kí ó sọ pé wúrà wà níbẹ̀. Ìlànà kan wà tí àwa onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta káàkiri ayé fara mọ́. Ìròyìn tí wọ́n bá kọ gbọ́dọ̀ hàn kedere. Kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó lè yí ọkàn olówó padà pamọ́. Ẹnì kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè bá wí, gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀ náà, kí ó wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ ìwé. Ó sì gbọ́dọ̀ ya ìrètí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó dájú. Abẹ́ kòkó la dàgbà sí, ẹ mọ̀ ọ́n: ìtànná kì í ṣe èso, èso orí igi kì í sì í ṣe èyí tó ti gbẹ nínú àpò. Ẹni tó bá ta ìtànná ní iye àpò, olè ni, bí ìtànná náà tilẹ̀ wà lóòótọ́.

Èmi ni ilé-iṣẹ́ náà pè ní oṣù kẹfà láti fi orúkọ sí ìròyìn ilẹ̀ tó wà lódìkejì odò sí oko Bàbá. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé oko ẹbí mi bá ilẹ̀ náà pààlà, nítorí ìlànà ní a kò gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ pamọ́. Ọ̀gá ibẹ̀, Ẹnjiníà Ọlọ́runníyì, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ń sùn ní yàrá kejì, kà á, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màdámù, ẹ̀yin náà kúkú máa pín níbẹ̀."

Iṣẹ́ náà lọ báyìí. Ẹ̀rọ ń lu ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ń jáde, a ń kó o sínú àpò aṣọ kéékèèké, a ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Nínú ogún àpò, mo máa ń ki ọ̀kan bọ̀ ọ́ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: òkúta tí mo mọ̀ dájú pé kò sí wúrà nínú rẹ̀ rárá. Mo máa fọ́ ọ bí ìyókù, mo máa fún un ní nọ́ńbà bí ìyókù. Bí ilé àyẹ̀wò bá rí wúrà nínú rẹ̀, a mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, tí ẹ fi ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sínú ìdánwò, kí ẹ lè mọ àwọn tó ń wo ìwé ara wọn.

Òkúta tí mo lò ni èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí a tẹ́ mábílì sórí ibojì Bàbá. Ẹ rántí pé bíríkìlà kó àfọ́kù rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ ní kí n má dà á nù. Mo ti gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Òfo ni. Ọ̀kan nínú àpò rẹ̀ ni mo fún ní nọ́ńbà 417.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án, èsì dé láti ilé àyẹ̀wò àwọn òyìnbó. Mo jókòó tì í, mo ń kà á láti òkè. Gíráàmù wúrà méjì àti díẹ̀ nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan. Méjì àti díẹ̀. Méjì àti díẹ̀. Ilẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi. Ilẹ̀ a máa pariwo níbì kan, a dákẹ́ níbòmíràn, a parọ́ ní ìdí àpáta kan, a tún jẹ́wọ́ ní èkejì. Èyí dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ kíláàsì tí gbogbo ọmọ gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dé 417. Gíráàmù 2.4. Òkúta ibojì bàbá mi ń fi ohùn kan náà dá mi lóhùn bí àwọn yòókù.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí àgọ́ wọn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń dún, kò sí ẹyẹ. Àpò tí kò tíì lọ sí àyẹ̀wò tò nínú yàrá, bí igba, ọ̀kan fara ti èkejì. Kókó okùn pupa tí mo ta wà bí mo ṣe ta á. Ẹnikẹ́ni kò tú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àpò kọ̀ọ̀kan ní àmì omi róbótó kan ní ìbàdí, gbogbo rẹ̀ ní ojú kan náà. Mo na ọwọ́. Màríámù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rán àpò fún wọn, ké láti ẹnu ọ̀nà:

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o, Màmá! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ ni."

"Abẹ́rẹ́ wo?"

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára lèmi ń pè é." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà ló ń gún wọn fúnra wọn, ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní oògùn ikán ni. Ẹ ò bá wò wọ́n! Bí wọ́n bá ti gún ọ̀kan, wọ́n á ní, 'Pẹ̀lẹ́.' Wọ́n á kan èkejì, 'Pẹ̀lẹ́.' Títí dé ìparí."

Wúrà ṣeé yọ́ sínú omi, Àǹtí mi, omi náà sì ṣeé fà sínú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà kò mọ èyí tó jẹ́ òfo nínú wọn, nítorí náà ó gún gbogbo wọn.

Àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo pe Bùrọ̀dá Akíntóyè, mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí.

"Dúró ná, Oyèbọ́lá," ni wọ́n wí. "Òkúta Bàbá, wúrà wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí. Wọ́n fi sí i ni."

"Ṣùgbọ́n ìwé àwọn òyìnbó ní ó wà?"

"Ìwé ní ó wà, Bùrọ̀dá, ṣùgbọ́n..."

"Ta ló gbé òkúta náà débẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ta ló rán ọ?"

Wọn kò dúró kí n fèsì. Wọ́n ní, "Bàbá dáhùn, o ń bá a jiyàn. Ìwé tí o kà ti pọ̀ jù fún ọ." N kò lè bínú sí wọn, nítorí wọ́n ń sunkún. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìsọ̀ pákó wọn ti kú láti oṣù kẹfà. Mo tún ṣàlàyé. Bí mo ti ń ṣàlàyé ni ìgbàgbọ́ wọn ń le sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ sí itẹ́ òkú ìjọ wa ní Oǹdó. Oòrùn wà ní àtàrí. Wọ́n ti gé igun kan lára mábílì náà, ìyẹ̀fun funfun wà lórí koríko. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi ìka gbá a jọ sínú ife. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:

"Ṣé ẹ̀yin lọmọ Bàbá tí wúrà jáde lára wọn?"

Lára wọn ni ó wí, Àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí òkúta.

Mo padà sí ilẹ̀ náà, mo kó àpò méjìlá tuntun, mo gbé wọn lé itan títí dé ilé àyẹ̀wò mìíràn. Mọ́kànlá jẹ́ òfo, ọ̀kan ní ìwọ̀n tí kò tó sọ. Mo kọ̀wé sí Ẹnjiníà pé n kò ní fi orúkọ mi sí ìròyìn náà. Wọn kò bá mi jà, wọn kò sì san iṣẹ́ tí mo ti ṣe.

Ní Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ìròyìn náà jáde. Ẹlòmíràn ló fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́ pé òun dé ilẹ̀ náà ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ń kó àpò méjìlá mi, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. N kò rí ẹnikẹ́ni. Mo ṣí i dé ibi tí nọ́ńbà wà. 417 wà níbẹ̀, 2.4, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọrọ̀ ilẹ̀. Òkúta orí ibojì Bàbá ni wọ́n ń tà fún àwọn tó wà lókè òkun. Òun náà ni wọn yóò pín fún wa dípò oko.

Mo ti fi ìwé àkọsílẹ̀ mi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa àti sí àwọn tó ń bójú tó ọjà ìpín tí wọ́n fẹ́ lọ. Ẹjọ́ wọn yóò pẹ́. Sátidé kò ní pẹ́. Láìsí ọwọ́ yín, oko náà kò lè kúrò lọ́wọ́ wa, nítorí náà ẹ jókòó ti ọmọ tuntun ní Ìlọrin. Kò sẹ́ni tí yóò bá ìyá àgbà wí. Ẹ dárí jì mí fún ohun kan tí n kò bi yín kí n tó ṣe: mo ní kí Bùrọ̀dá Akíntóyè kó gbogbo kòkó ọdún yìí, ti ìdí-igi méjèèjì, kí wọ́n tà á, kí owó rẹ̀ jẹ́ tiwọn, ó kúkú ń lówó lórí. Ìyẹn ni ohun tó dájú tí Bàbá fi sílẹ̀.

Wọn kò tíì dá mi lóhùn. Kíkẹ́ ìyàwó wọn sọ fún mi lánàá pé èso ti ń dúdú lórí igi. Ó ní láàárọ̀ láàárọ̀ ni ọkọ òun ń lọ sí itẹ́ òkú, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń gbé etí lé mábílì. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní kí ó dákẹ́, kí àwọn lè gbọ́ iye rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Tolúwalọpẹ́ àti ọkọ rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu kan ọmọ náà níwájú orí fún mi. Ọmọ mi, Olúwajùwọ́nlọ, ń kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹ fi èsì rán Jímọ̀; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó.

Èmi ni àbúrò yín tí a jọ mu ọmú kan náà,

Oyèbọ́lá.