Ẹ̀kúnwọ́ Iyẹ̀pẹ̀ Tí Dúpẹ́ Kò Tíì Dà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Inú ló ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé sí yín.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Màámi gbé fóònù ti ìgò omi ní pálọ̀ wa ní Jakande, Ìsọlọ̀, à ń wo Dúpẹ́ àbúrò mi níbi tó ti ń gbá rọ́gíbì lórí yìnyín. Rọ́gíbì, Bàbá! Bọ́ọ̀lù tó rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ẹni tó bá sì gbé e dáràn. Ibùdó ìwádìí tí Dúpẹ́ ti ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ní ilẹ̀ yìnyín ìpẹ̀kun ayé ló ń bá ibùdó aládùúgbò wọn gbá a. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ni wọ́n pè é, àmọ́ mi ò rí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀.

Fìlà òtútù yín ló wà lórí Dúpẹ́, èyí tí ẹ máa ń dé ní ṣọ́ọ̀bù Apakun tí ọyẹ́ bá dé. Mo wá fìlà yẹn títí lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ fún un? Ṣé ẹ ti gbàdúrà fún un kó tó rìnrìn àjò, tí ẹ ò sọ fún mi?

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe níbi ìsìnkú yín ní Ìlaròó. Òtútù ò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú dé ọ̀dọ̀ Dúpẹ́ nígbà náà. Nígbà tí àwa ọmọ ń da iyẹ̀pẹ̀ sí yín, Màámi bẹ̀ mí kí n bá Dúpẹ́ da tirẹ̀. Mo kọ̀, nítorí pé kò wá sin yín. Mo gbọn ọwọ́ mi, mo kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ìpè Dúpẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé pàápàá, nítorí pé Màámi ò mọ fóònù náà lò ni mo ṣe jókòó.

Àfi ìgbà tí Dúpẹ́ gbé bọ́ọ̀lù, tí èèyàn mẹ́ta bò ó mọ́lẹ̀. Kò dìde. Bàbá, ẹ kì í jókòó wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn àga lẹ máa ń dúró sí, tí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, ẹ ó máa gbá àga, ẹ ó máa pariwo pé kó dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sẹ́yìn àga yín. Mo gbá a títí ọwọ́ fi ń ta mí. Dúpẹ́ dìde, ó wá fìlà yín nínú yìnyín, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e padà, ó tún sáré. Àwọn aládùúgbò wọn kúkú nà wọ́n. Èmi ni mo sunkún.

Inú bíbí ò da nǹkan, mo ti wá mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àbúrò yín fẹ́ kí wọ́n da símẹ́ǹtì sórí sàréè yín. Mo ti pe bíríkìlà, mo ti dá a dúró. Àbúrò yín ń bínú. Kó máa bínú lọ. Dúpẹ́ ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀. Èmi ni màá pàdé rẹ̀ ní ẹ́apọ́ọ̀tì, a ò sì ní yà sílé ní Ìsọlọ̀ rárá. Kó tó wẹ̀, kó tó jẹun, Ìlaròó la máa kọrí sí, èmi ni màá sì fi ọwọ́ ara mi bu iyẹ̀pẹ̀ náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ dúró dè wá.

Èmi ọmọ yín, tó ń dúró lẹ́yìn àga yín báyìí.