Póòpù Olóríkunkun àti Abọ́ Àdùnní

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Òní ló pé ọdún mẹ́ta tí Àdùnní ìyàwó mi kú. Mo dín dòdò, mo gbé abọ́ méjì sórí tábìlì, èmi nìkan ni mo jẹun.

Ẹnu mi ló fà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fúnkẹ́ ọmọ mi pè láti Plano, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa lókè òkun níbí: "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe ìrántí Mummy ní Sátidé. Mo máa wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an." Mo ní ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, kó má wá mọ́. Ọmọ tí kì í gbọ́ràn, èyí ló wá gbọ́!

Láàárọ̀, lẹ́yìn Mísà, katikíìsì wa sọ ìtàn Póòpù Fíkítọ̀ ayé àtijọ́, ọmọ Áfíríkà, tó fẹ́ lé àwọn ìjọ kan dànù torí pé ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe Àjíǹde yàtọ̀ sí tirẹ̀.

"Olóríkunkun! Ará Ìbàdàn bíi tèmi ni," ni mo wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, òun ló jà fún Sọ́ńdè tí a fi ń ṣe Àjíǹde dòní o," katikíìsì dáhùn. "Àmọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀ ẹ́ pé kó má torí ọjọ́ kọ ọmọ ìyá rẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Mo pe Fúnkẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò gbé e. Mo fi ohùn sílẹ̀: "Póòpù ilé yìí ti yí òfin padà. Máa bọ̀ ní Sátidé." Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín sí i.

Mi ò tíì palẹ̀ abọ́ Àdùnní mọ́. Kó wà níbẹ̀ di Sátidé.